Owó Ìsìnkú Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ wa sọ níwájú àwọn ọba, ìjòyè, ìyálóde àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé gbogboogbò

  

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí ìjìyà tó yẹ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kú mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé kò pa òfin ààbò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu, ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò Kútọnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn wá.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Kútọnu. A ò ní dárúkọ ọmọ náà, a ò sì ní dárúkọ ọ̀gá náà. Ó wà ní òkè kẹta, lórí àwọn igi tí wọ́n tò sára ògiri láti máa gùn. Kò sí okùn nídìí rẹ̀, kò sí akoto lórí rẹ̀, kò sí àwọ̀n kankan nísàlẹ̀. Igi já. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọ méjì sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ọ̀gá náà wá bá wa nílé. Ọkọ̀ méjì ló gbé wá. Ó mú àpò ìrẹsì méjì, àgbò kan, aṣọ funfun, àti 300.000 CFA. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún, a sì rò pé ẹkún náà ti inú rẹ̀ wá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé kan jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ẹbí ti gba owó, ẹbí ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwa tá à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a wà lórí ẹní níbẹ̀. Àwa la ka owó náà. Àwa la ní kí ìyàwó olóògbé tẹ̀ka. A tún ṣàdúrà fún ọ̀gá kó tó lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, lábẹ́ ọ̀gá yìí kan náà, níbi iṣẹ́ mìíràn, igi tún já. Ẹni tó ṣubú kò kú, àmọ́ kò tún lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ọmọ Sábẹ ni, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, ìyàwó ẹni àkọ́kọ́ wá bá wa. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ní: «Ẹ̀yin bàbá mi, owó tẹ́ ẹ gbà lọ́jọ́sí, ṣé owó ìsìnkú ọkọ mi ni, àbí owó tó fi ra ẹnìkejì?» A ò rí èsì fún un. A wo ara wa lójú. Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dìde síwájú yín lónìí.

Àṣìṣe wa ni pé a da ohun mẹ́ta pọ̀ sínú igbá kan. Ẹni tó bá wá bá wa kẹ́dùn, tó mú àgbò àti aṣọ wá, ọmọlúàbí ló ṣe, a ò gbọ́dọ̀ lé e. Ẹ̀tọ́ tí ìyàwó àti ọmọ olóògbé ní lórí owó tó ń tì wọ́n lẹ́yìn títí àwọn ọmọ á fi dàgbà, ìyẹn yàtọ̀. Gbèsè ni, kì í ṣe àánú. Ìkẹta ni pé kí ẹni tó mọ̀ pé igi òun ti jẹrà, tó sì ní kí ọmọ ọlọ́mọ gun orí rẹ̀, wá síwájú adájọ́ kó wá wí tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá fi ẹyọ kan san mẹ́ta, àwa ọ̀hún la sì bá a ká a.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ ará yòókù gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹnìkan jìn. Bí a bá fi ẹní bo kòtò náà lálẹ́, ta ló máa kọ́gbọ́n?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ibòmíràn díẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa yìí kì í ṣe tuntun láyé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná ṣẹ́ yọ lóru ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan rọ́bà ní Odogunyan, ní Ìkòròdú, ìpínlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa sì wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ láti ìta. Ó ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tó jóná. Ẹ ronú sí i ná: ènìyàn tó wá ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n tì í mọ́lé bí ẹni ti ewúrẹ́ mọ́lé.

Kí ló ń mú kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́? Olè ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní àwọn ń bẹ̀rù kí òṣìṣẹ́ má jí ọjà gbé. Ohun tí àwọn ọlọ́jà aṣọ Triangle sọ ní New York náà nìyẹn, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911. Àwọn ọmọbìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ àwọn àlejò tó ti Ítálì àti Rọ́ṣíà wá, àwọn kan ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, wọ́n ń rán ẹ̀wù obìnrin. Òkè kẹjọ ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ní òkè kẹsàn-án, ilẹ̀kùn kan wà ní títì pa. Ènìyàn 146 ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ́ láti ojú fèrèsé sílẹ̀ dípò kí iná jó wọn.

Wọ́n gbé àwọn méjì tó ni ilé iṣẹ́ náà, Max Blanck àti Isaac Harris, lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba béèrè lọ́wọ́ Harris pé èló ni òṣìṣẹ́ ti jí rí tó fi ń tilẹ̀kùn. Ó gbà fúnra rẹ̀ pé kò ju dọ́là 25 lọ. Ẹ gbọ́ o: dọ́là 25. Síbẹ̀ wọ́n dá wọn sílẹ̀. Adájọ́ ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ pé ó gbọ́dọ̀ dá wọn lójú pé àwọn ọ̀gá náà mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì ní àkókò yẹn gan-an. Èyí ò sì hàn kedere sí wọn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni owó wá dé. Ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó fún àwọn ọ̀gá, ó sì ju iye tí wọ́n lè fi hàn pé ó jóná lọ. Àwọn ẹbí olóògbé pe ẹjọ́ owó, ní ọdún 1914 wọ́n sì gba dọ́là 75 lórí òkú kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i? Iná jẹ́ èrè fún ọlọ́jà. Ní ọdún 1913, ọdún méjì péré lẹ́yìn òkú 146, wọ́n tún ká Blanck mọ́ ibi tó ti ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Dọ́là 20 ni wọ́n ní kó san. Ọkùnrin tí òkú tó pọ̀ tó báyìí ò kọ́ lọ́gbọ́n, ṣé dọ́là 20 ló máa kọ́ ọ?

Nígbà tí a ka èyí, a rántí ọ̀gá tiwa. A rántí 300.000.

Nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn Triangle, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi ẹni tó ti ilẹ̀kùn sẹ́wọ̀n tó nípọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1991, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hamlet, ní North Carolina, iná gba ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń din adìyẹ. Ènìyàn 25 kú, ó lé ní àádọ́ta tó fara pa. Obìnrin aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn, ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ. Ilẹ̀kùn tún ni, wọ́n tì í nítorí kí ẹnikẹ́ni má jí adìyẹ. Ilé iṣẹ́ náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá láìsí alábẹ̀wò ààbò kankan tó wọ inú rẹ̀ rí. Emmett Roe tó ni ín gbà pé òun jẹ̀bi ikú àwọn 25 náà, wọ́n sì dá a lẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 11. Kò pé ọdún márùn-ún tó fi jáde, ìyẹn dun àwọn ẹbí púpọ̀, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Àmọ́ lẹ́yìn iná náà àti ariwo tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ yẹn fi kún àwọn alábẹ̀wò rẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí ewu.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé ẹ̀wọ̀n ti pọ̀ jù, kí wọ́n gba owó ìtanràn. A ò sọ pé owó ìtanràn ò wúlò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejì ọdún 2016, bí ilé iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìtanràn rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ńlá má baà san owó kékeré bíi ti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ilé iṣẹ́ ò ní ọrùn, kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí. Bí owó nìkan bá ni ìjìyà, ọ̀gá á jókòó pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, á ṣírò: okùn àti àwọ̀n fún ogún ènìyàn, èló? Òkú kan, èló? Èyí tó bá dín lówó ni wọ́n máa yàn. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun fúnra òun lè sùn ní Pobè tàbí ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn irin, kò lè ṣe ìṣírò bẹ́ẹ̀.

Pé ìṣírò náà ń ṣẹlẹ̀, a rí i kedere nínú ẹjọ́ kan ní Turin, ní Ítálì, ibẹ̀ sì la fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ó kọ́ wa bí a ṣe ń wá ẹ̀rí.

Lóru mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2007, iná gba ibi tí wọ́n ti ń ṣe irin ní ilé iṣẹ́ ThyssenKrupp. Òṣìṣẹ́ méje kú. Ọ̀kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọsibítù títí oṣù náà fi parí. Àwọn tó kù sọ pé àwọn gbé ohun tí wọ́n fi ń pa iná, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà jọ jàǹbá. Ọ̀gá lè ní: «Ọlọ́run ló mọ̀.» Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wọ inú ọ́fíìsì, wọ́n kó ìwé. Nínú ìwé ni wọ́n ti rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti pinnu láti ti Turin pa, kí wọ́n kó ẹ̀rọ lọ sí Terni. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ètò pípa iná, wọ́n ti sún un síwájú di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dé ibùdó tuntun. Ìyẹn ni pé: ilé tí a máa tó tì, kí la tún ń ná owó lé lórí? Àwọn ènìyàn ṣì wà nínú ilé náà o, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lálẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá Harald Espenhahn, ọ̀gá àgbà wọn ní Ítálì, lẹ́wọ̀n ọdún 16 àti ààbọ̀, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn. Àwọn ilé ẹjọ́ òkè yí i padà: wọ́n ní kò fẹ́ kí wọ́n kú, ó kàn mọ̀ pé ewu wà ni, ó sì fojú di í. Ní ọdún 2016 ó wá dúró lórí ọdún 9 àti oṣù 8. Ara Jámánì ni, ilẹ̀ Jámánì ló sì lọ, níbẹ̀ ni òfin wọn ti dín in kù sí ọdún 5, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kó tó wọlé. Àwọn ìyá olóògbé sunkún níwájú ilé ẹjọ́ láìmọye ìgbà. A ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹjọ́ rọrùn ní ilẹ̀ òyìnbó. Kò rọrùn. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé ìwé ló mú ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò lè mú un.

Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n mú. Nílé wa níbí, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ mú ni olórí àwọn lébìrà, ọmọ tálákà tí wọ́n fún ní CFA díẹ̀ lé lórí tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè máa pariwo mọ́ wọn. Ẹni tó ni owó, tó kọ̀ láti ra okùn, wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó tutù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tí agbára rírà àti kíkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Bí olórí lébìrà bá jẹ̀bi tiẹ̀, kó jẹ tiẹ̀ lẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tí kò gbà fún wa. A mọ̀ wọ́n, wọ́n wà nínú yàrá yìí, ẹbí wa ni wọ́n.

Wọ́n ní: bẹ́ ẹ bá ń rán ọ̀gá sẹ́wọ̀n, àwọn ilé iṣẹ́ á sá, ebi á pa àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a ò fojú kéré rẹ̀. Ọmọ wa ń bẹ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Oníigbólò, ọmọ wa ń bẹ nínú oko ìrèké Sábẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí agbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé, ọkọ̀ ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ síbẹ̀. A fẹ́ kí ilé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í sá nítorí pé wọ́n ní kó ra okùn. Irin ṣì ń jáde ní Ítálì, wọ́n ṣì ń din adìyẹ ní North Carolina. Ọ̀gá tó ń ra okùn fún àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an ló ń pàdánù báyìí, torí ẹni tí kò rà á ń gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú iye owó tó kéré. Òfin tó bá múlẹ̀ á gbè é lẹ́yìn.

Wọ́n ní: kádàrá ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì wá. A gbà pé orí wà, a gbà pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó wà lórí igi nìkan ni kádàrá máa ń mọ̀? Kò mọ ọ̀gá rí. Igi tó ti jẹrà kì í ṣe àyànmọ́. Ọwọ́ ẹnìkan ló yan igi náà.

Èyí tó le jù ni pé: ọmọ wa ni ọ̀gá náà. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Kí a má tan ara wa, kì í ṣe òyìnbó tàbí ará Lẹ́bánónì nìkan ni agbanisíṣẹ́. Àwa náà ni. Àwa tá a ní ibi ìlagi, tí abẹ ẹ̀rọ wa ò ní ìdérí. Àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀, tí ọmọ iṣẹ́ ọdún méjìlá ń wo iná náà lójú kòrókòró. Àwa tá a ń ta epo kpayo. Ẹ ò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, níbi tí wọ́n tọ́jú epo sí. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó jóná, ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé àpò epo lórí, òṣìṣẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ ní ìwé. Ẹni tó rán an, agbanisíṣẹ́ ni. Bí a bá fẹ́ kí adájọ́ le mọ́ àjèjì, a gbọ́dọ̀ ṣe tán kó le mọ́ wa. A mọ̀ pé gbólóhùn yìí lè mú kí àwọn kan má san owó ẹgbẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kò burú.

Kí ni òfin wa wí? Òfin iṣẹ́ ti Bénin, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998, fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti oṣù Kejìlá ọdún 2018 náà fi ìjìyà sí i fún ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ tàbí àìpa-òfin-mọ́ rẹ̀ bá fa ikú ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti pa á. Àwọn alábẹ̀wò iṣẹ́, àwọn tí à ń pè ní inspection du travail, ní agbára láti wọ ibi iṣẹ́ láìfi tó ọ̀gá létí. Àdéhùn àgbáyé kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1947 ló fún wọn ní i, Bénin sì ti fọwọ́ sí i. Òfin kò ṣaláìsí. Ẹni tó máa ké sí i ni kò sí.

Ohun kan wà tí a ò mọ̀ lọ́jọ́ tí a tẹ̀ka, tí ó dùn wá pé a ò mọ̀. Ìwé tí ọ̀gá mú wá, tó ní ẹbí ò ní pe ẹjọ́, kò lè di procureur lọ́wọ́. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ẹjọ́ owó jẹ́ ti ẹbí, wọ́n lè fi sílẹ̀ bó bá wù wọ́n. Ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn jẹ́ ti ìlú, ẹbí ò lè tà á. Nítorí náà procureur lè gbé ẹjọ́ dìde bí a tilẹ̀ ti gba àgbò. Ẹbí tí kò bá tíì gba nǹkan lè wọ inú ẹjọ́ náà, kí adájọ́ kan náà dá ọ̀rọ̀ owó. Àmọ́ òfin kì í dúró de ènìyàn títí láé, àkókò ń lọ.

Ti CNSS tún wà níbẹ̀. Owó tó yẹ kó máa wá fún opó àti ọmọ òrukàn, ibẹ̀ ló ti ń wá, bí ọ̀gá bá ti forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ti fi jàǹbá tó wọn létí. Ọmọ tiwa ò sí nínú ìwé kankan. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, bí ẹni pé kò wà láyé. A rò pé ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀gá fi tètè gbé ìrẹsì wá: bí ọ̀rọ̀ bá dé CNSS, wọ́n á béèrè ibi tí orúkọ wà.

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin baálẹ̀, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ wá kù sí báyìí. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ààfin ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ gbà. Ó mọ̀ pé bí ọba bá ti sọ pé kí wọ́n gbà, kò sẹ́ni tó máa kọ̀. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ ibi, ìlàjà ni iṣẹ́ yín, láti ayébáyé ni. Ẹ̀bẹ̀ tiwa ni pé kẹ́ ẹ làjà lórí ilẹ̀, lórí aya, lórí ogún, àmọ́ kẹ́ ẹ má ṣe làjà lórí òkú ibi iṣẹ́ títí ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba aṣọ funfun lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ má gba ìwé.

A mọ̀ pé ìsìnkú le nínú rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ọjọ́ náà la máa ń sin ín. A ò sọ pé kẹ́ ẹ dá òkú dúró lọ́sẹ̀ kan. Kí dókítà kọ ohun tó pa á sórí ìwé kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí yára gun zém lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó fi fóònù ya igi tó já, kó ya ibi tó ṣubú sí, torí kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti kó igi náà sun. Kó gba orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tiwa, kò sẹ́ni tó ya nǹkan kan. Nígbà tí a padà lọ wò ó, wọ́n ti rẹ́ ògiri, wọ́n ti kùn ún ní funfun.

Àwọn tó bá á ṣiṣẹ́, méjì nínú wọn ti gbà láti sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan kí igi tó já ni olóògbé fúnra rẹ̀ ti sọ fún ọ̀gá pé igi náà ń mì. Ọ̀gá ní bó bá ń bẹ̀rù, kó máa lọ sílé. Bí adájọ́ bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ó tó ìwé Turin.

Ìyàwó olóògbé ti fọwọ́ sí ìwé tí a kọ sí procureur. Ó tẹ̀ka sí i, ìka kan náà. Ẹbí ọmọ Sábẹ náà ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á fi kún owó náà, kí a sọ iye tí a fẹ́. A ò sọ iye kankan. Ó ti wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí Kábíyèsí ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun àti àwọn ènìyàn ńlá kan láti Kútọnu. Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín, bí wọ́n bá dé, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe obìnrin náà wá jókòó níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀.